Kánópì búlúù ló ń sọ àwọn oníbàárà ẹ di eérú

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Epe: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò òde ni mò ń yà, ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà. Mo ní kámẹ́rà kékeré kan, àmọ́ orí fóònù ni mo ti ń ṣe ẹ́díìtì, Snapseed àti Lightroom ni mò ń lò. Oníbàárà kan ní mo sọ màmá òun di eérú nínú fọ́tò. Mo wá fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ó tún ní mo ti bó màmá òun. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ṣé kí n wá owó láptọ́ọ̀pù ni?"

Àbúrò, kú iṣẹ́ o, kú ìfaradà àwọn oníbàárà. O ò sọ ibi tó o ti ya màmá yẹn fún mi, àmọ́ mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé abẹ́ kánópì ni, kánópì ọ̀hún á sì jẹ́ búlúù. Níbí ní Ikorodu, láti Sabo títí wọ Igbogbo, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé kí n bá àwọn tún ṣe kì í tán, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń rò: ara ò jọ ara mọ́.

Jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún ẹ, torí tó o bá ti mọ̀ ọ́n, wàá yéé fọwọ́ kan ohun tí kò ṣẹ̀. Oòrùn gba inú aṣọ kánópì yẹn kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó wá ń bọ́ sórí àwọn èèyàn ti di búlúù. Àwa ò rí i, torí ọpọlọ ń bá wa tún un ṣe láì gbàṣẹ lọ́wọ́ wa, jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, aṣọ funfun á ṣì máa jọ funfun lójú ẹ. Kámẹ́rà ò ní irú ọpọlọ yẹn, auto white balance tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fúnra ẹ̀ wá bí funfun ṣe yẹ kó rí, ó ń méfò ni. Ara tiwa wá nìyí, ìbáà jẹ́ ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin, ìbáà jẹ́ ẹni tó pupa fòò, tó o bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ìdílé orange ni gbogbo wa wà, ohun tó kàn mú dúdú yàtọ̀ sí pupa ni bí orange yẹn ṣe mọ́lẹ̀ sí. Búlúù ló sì dojú kọ orange gan-gan nínú ètò àwọ̀, tí wọ́n bá pàdé, ńṣe ni wọ́n máa ń pa ara wọn, ohun tó bá ṣẹ́kù ò ní àwọ̀ gidi kankan mọ́. Eérú tí oníbàárà ẹ rí nìyẹn. Kò parọ́ mọ́ ẹ o.

O wá fa Exposure, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò, sókè. Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Eérú dúdú kàn di eérú funfun ni, màmá wá jọ ẹni tó ń kun ìpara. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kọ́ ló ṣe é, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ṣe é. Tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe ná, lẹ́yìn ìyẹn lo máa tó bù ú kún tàbí kó o dín in kù, ara èèyàn ló máa kẹ́yìn, tó o bá sì ti ṣe méjì àkọ́kọ́ yẹn bó ṣe yẹ, lọ́pọ̀ ìgbà kò ní fi bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ lára mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín, ara lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ẹ̀ ń fi fíltà bo ohun tí kò jinná.

Ó yá, nínú Lightroom, tẹ Color, wàá rí Temp (láti búlúù sí yẹ́lò) àti Tint (láti green sí pínńkì), dropper kan, àmì tí wọ́n fi ń mú àwọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Snapseed, White Balance lorúkọ ẹ̀, òun náà ní dropper tiẹ̀. Iṣẹ́ dropper yìí ni pé ohunkóhun tó o bá gbé e lé, ó máa gbà pé kò yẹ kí nǹkan yẹn ní àwọ̀ kankan lára, á wá yí gbogbo fọ́tò títí nǹkan ọ̀hún á fi di funfun tàbí grey lásán. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á kàn wá nǹkan funfun tẹ̀. Agbádá funfun bàbá tó jókòó níwájú yẹn, ṣé o rò pé funfun ni? Wọ́n ti fi búlúù sínú omi tí wọ́n fi ṣan án, ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ gan-an ní nǹkan tó ń mú un tàn nínú, búlúù ti wà lára ẹ̀ láti ilé kó tó dé abẹ́ kánópì. Tó o bá gbé dropper lé e, áàpù á rò pé kánópì ló ni gbogbo búlúù yẹn, á yọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ojú gbogbo wọn á wá pọ́n, bí ẹni tí ibà ń ṣe. Eyín ńkọ́? Yẹ́lò díẹ̀ wà lára eyín gbogbo èèyàn. Ẹyinjú àgbàlagbà náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi máa ń wá ni àga rọ́bà funfun tí wọ́n rẹ́ǹtì mọ́ kánópì, kì í ṣe èyí tí oòrùn ti pa láti ọdún gbọọrọ o, ìyẹn náà ti pọ́n. Àga yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà pẹ̀lú ojú tó o fẹ́ tún ṣe, má lọ tẹ èyí tó wà níta nínú oòrùn, má sì tẹ ibi tó ti funfun jù tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ibi tó ní òjìji díẹ̀ ni kó o tẹ̀.

Àmọ́ tó o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ra grey card. Páálí kékeré tó jẹ́ grey lásán ni, kò wọ́n. Kí òde tó gbóná, fún ẹnì kan lábẹ́ kánópì kọ̀ọ̀kan pé kó mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ya á lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Tó o bá délé, dropper sórí páálí, copy settings, paste sórí gbogbo fọ́tò tó o yà lábẹ́ kánópì yẹn, ogún tàbí igba, wàhálà ẹ ti tán nìyẹn. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í sọ fún èèyàn ṣá: tó bá jẹ́ JPEG lò ń yà, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà ti bá ẹ ṣe parí, tí kámẹ́rà ẹ sì wà lórí auto white balance, paste yẹn ò ní bára mu, torí bí ẹnì kan tó wọ pupa ṣe kọjá lẹ́yìn báyìí, kámẹ́rà á tún méfò mìíràn, fọ́tò méjì tó tẹ̀ lé ara wọn á ti yàtọ̀. Gbé e kúrò lórí auto, fi sí Daylight tàbí Cloudy, má fọwọ́ kàn án mọ́. Tó bá tiẹ̀ máa ṣì í, kó ṣì í bákan náà látòkèdélẹ̀, ìyẹn ló rọrùn láti tún ṣe.

Èyí tó máa ń le jù ni ẹni tó jókòó sí etí kánópì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wà nínú oòrùn, èkejì wà nínú búlúù, ibi tó o bá tún ṣe, ibi kejì á bàjẹ́. Temp kan ò lè tún ìmọ́lẹ̀ méjì ṣe láéláé. Wàá ní láti ṣe ojú kan lọ́tọ̀. Snapseed lè ṣe é láì gba kọ́bọ̀: ṣe White Balance tó bá apá búlúù mu, lọ sí View edits, tẹ ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn, wàá rí búrọ́ọ̀ṣì, wá fi ọwọ́ kun ún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú búlúù nìkan. Súmù dáadáa kó o tó kùn ún o, torí tó bá ti kọjá sórí gèlè, oníbàárà á rí i kíá. Masking, tó ń jẹ́ kó o ṣe ibì kan lọ́tọ̀, wà nínú Lightroom náà, ó sì dáa jùyẹn lọ, àmọ́ ẹni tó bá ń sanwó ló wà fún. Èyí tó rọrùn jù ni kó o sọ pé "màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún wọlé díẹ̀ sí i" nígbà tó o fẹ́ yà wọ́n.

Iná DJ lálẹ́, pọ́pù tó ń yí kiri nínú họ́ọ̀lù, ìyẹn yàtọ̀. Má fi ara ẹ ṣe wàhálà. Tí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ojú èèyàn bá jẹ́ pọ́pù pátápátá, kò sí àwọ̀ ara kankan nínú fáìlì yẹn tó o fẹ́ wá jáde. Fi sílẹ̀ bó ṣe wà tàbí kó o sọ ọ́ di dúdú àti funfun, gbogbo ẹ̀ náà á gbayì.

Tó bá kan bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ọ̀tá wa ni léèsì funfun. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo fọ́tò wà ní agbede méjì ni, kò fẹ́ kó mọ́lẹ̀ jù, kò fẹ́ kó ṣókùnkùn jù. Tí màmá bá wá wọ léèsì funfun, tí aṣọ yẹn gba fọ́tò kan, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú màmá á wá ṣókùnkùn. Ìwọ á fa Exposure sókè nílé, ojú á jáde lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ihò àti òdòdó tí wọ́n fi òwú ṣe sára léèsì yẹn á parẹ́, ó di bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Léèsì tí màmá fi owó ńlá rà! Ohun tó yẹ kó o ṣe ni kó o jẹ́ kí léèsì jáde dáadáa nígbà tó o bá ń yà á, kó o wá gbé ojú sókè lẹ́yìn náà ní tiẹ̀ nìkan. Selective inú Snapseed dáa fún ìyẹn, gbé àmì kan lé iwájú orí, fi ìka méjì dín roboto tó yí i ká kù kó má kọjá ojú, wá fa Brightness sókè díẹ̀díẹ̀.

Ibí yìí náà ni RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì bá ẹ tún ṣe, ti ń ṣe èèyàn lóore. JPEG ò ní ju ìpele 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti dúdú dé funfun, RAW oní 12-bit ní 4096, oní 14-bit ní 16384. Tó o bá ń fa òjìji ojú èèyàn dúdú sókè nínú JPEG, ìpele tó wà níbẹ̀ ò pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí àbàwọ́n aláwọ̀ ewé àti pupa fi máa ń yọ lábẹ́ àgbọ̀n. Tí kámẹ́rà ẹ bá ní RAW, tàn án. Tó bá jẹ́ fóònù lo fi ń yà, kámẹ́rà inú Lightroom fúnra ẹ̀ lè ya DNG, irú RAW kan, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, Snapseed náà ń ṣí DNG. Ó máa jẹ àyè lórí memory card o, mo ti sọ.

Ó ku ara wàyí. Lọ sí Color Mix nínú Lightroom, orange ni ilé ara wa, pupa díẹ̀ àti yẹ́lò díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Hue ló ń sọ bóyá ara máa fà sí pupa tàbí yẹ́lò, ìyẹn lo lè fi ọwọ́ kàn díẹ̀. Luminance ti orange, ìyẹn bí orange ṣe mọ́lẹ̀ tó, òun gan-an ni ìpara ìbóra inú Lightroom, jìnnà sí i. Àwọn tó ń pariwo pé "glow, glow", òun ni wọ́n ń fà. Tí oníbàárà bá fúnra ẹ̀ ní òun fẹ́ pọ́n, owó ẹ̀ ni, ṣe é fún un, àmọ́ má ṣe é fún màmá tí kò bẹ̀ ẹ́. Saturation náà, tó ń mú gbogbo àwọ̀ le pa pọ̀, fi sílẹ̀, Vibrance ni kó o lò, torí àwọ̀ tó rẹ̀ ló máa ń gbé sókè jù, ó sì máa ń rọra ṣe ara èèyàn.

Shadows, ìyẹn ibi òjìji, tó o bá fà á sókè jù, dúdú tó mọ́ra á di dúdú tó ń ṣe rúúrùú. Bó o bá ti fà á, fa Blacks, ibi tó dúdú jù, wálẹ̀ díẹ̀ kí ojú tún lè ní ìjìnlẹ̀. Òógùn tó ń dán níwájú orí àti lórí imú, dín in kù pẹ̀lú Highlights, ìyẹn ibi tó mọ́lẹ̀ jù, má pa á rẹ́ tán, torí dídán yẹn ló ń fi hàn bí egungun ojú ṣe rí, ara dúdú tí kò dán rárá, ńṣe ló máa ń jọ páálí.

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ lórí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ fóònù tá à ń lò báyìí, beauty mode ti wà lórí ẹ̀ láti inú páálí. Tó o bá fi ya bàbá àgbàlagbà tó kọlà, tàbí o fi áàpù tó ń dán ojú ṣe é, ẹ̀rọ yẹn ò mọ ilà yàtọ̀ sí ìhunjọ ara, àbàwọ́n ni gbogbo ẹ̀ lójú ẹ̀. Mo rí fọ́tò màmá kan báyìí, pélé mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, nínú fọ́tò tí wọ́n ti ṣe tán tí wọ́n ti fi sí férémù, pélé ti di ẹyọ kan àti àbọ̀, èyí tó kù sì ti fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà á. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe wọ́n lójú, wọ́n kàn ń sọ pé kò jọ màmá. Pa beauty mode. Tó o bá fẹ́ kí ara rọ̀ díẹ̀, Texture ni kó o fà sẹ́yìn, díẹ̀ ni o, ó wà nínú Lightroom láti 2019, kì í pa ojú rẹ́ bíi ti àwọn fíltà yẹn. Má fi Clarity, tó ń mú ìlà ojú le, kún ojú arúgbó, ìdọ̀tí ló máa jọ. Tó bá kan Healing tí wọ́n fi ń nu àbàwọ́n, rorẹ́ tó máa lọ fúnra ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì, nù ún. Ilà, àpá, àmì ara tí wọ́n bí mọ́ ọn, fi sílẹ̀ àyàfi tí ẹni tó lara bá ní kó o yọ ọ́.

Bọ́tìnnì Auto ńkọ́? Ó ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ nítàn. Láyé fíìmù, Kodak máa ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Shirley, obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, tí ara obìnrin yẹn bá ti jáde bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ ti dáa nìyẹn, ara tiwa ò sí nínú ìṣirò. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó ṣe èyí tí èèyàn dúdú wà lórí ẹ̀. Ọdún 2021 ni Google tó gbé Real Tone, ètò kámẹ́rà tó ń ro ti ara dúdú, jáde lórí fóònù Pixel 6 nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Nítorí náà tẹ Auto, wo ohun tó sọ, kó o sì já a níyàn.

Aṣọ ẹbí náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Tí wọ́n bá yan emerald, tí fọ́tò bá gbé teal jáde, ẹni tó kó aṣọ jọ á bínú. Kí wọ́n tó wọlé, ya aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan níta nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa, fi pamọ́, òun lo máa fi wé tó o bá ń ṣe ẹ́díìtì. Tó bá jẹ́ green tàbí pọ́pù ni, Color Mix á yanjú ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ peach, burnt orange tàbí góòlù, ṣọ́ra o, sláídà kan náà ni aṣọ àti ara ń pín, bó o ṣe ń tún aṣọ ṣe lò ń ba ojú jẹ́, àfi kó o fi búrọ́ọ̀ṣì ya aṣọ sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ya ẹja yíyan tà lórí WhatsApp ní ọjà Oluwo l'Epe náà, ìṣòro kan náà ni, ẹja jọ ẹja lójú wọn, ọwọ́ tó mú un ti pọ́n kankan.

Kó o tó ṣe gbogbo èyí, wo ojú fóònù ẹ ná. Mo mọ̀ pé alẹ́ lò ń ṣe ẹ́díìtì, wọ́n á ti mú iná lọ, o ti dín brightness kù kí bátìrì lè pẹ́, eye comfort tún wà lórí ẹ̀, ojú fóònù ti di yẹ́lò. Gbogbo fọ́tò tó o bá ṣe báyẹn, á mọ́lẹ̀ jù, á sì fà sí búlúù nílé ẹlòmíì, torí ìwọ ń bá yẹ́lò àti òkùnkùn tí kò sí nínú fọ́tò jà. Pa eye comfort, gbé brightness sí agbede méjì, tí fóònù ẹ bá ní Vivid, yí i sí Natural. Tí ojú bá ti ń rẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀ di òwúrọ̀, àṣìṣe máa ń mọ́ ojú lára.

Tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi ṣe Document lórí WhatsApp, torí tó o bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó máa fún un pọ̀, kódà HD náà ń fún un pọ̀ díẹ̀. Má gba fọ́tò padà láti WhatsApp wá tún ṣe ẹ́díìtì lórí ẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún JPEG sévù ló ń sọ nǹkan nù. Fún lab tó ń tẹ fọ́tò, sRGB, ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ̀, ni kó o yàn, tó bá jẹ́ inch 4 lórí 6, kó má dín ní pixel 1200 lórí 1800, 8 lórí 10 jẹ́ 2400 lórí 3000, ìyẹn tó bá jẹ́ 300 fún inch kan.

Láptọ́ọ̀pù tó o bèèrè, kò tíì kàn. Grey card àti memory card tó láyè ni kó o kọ́kọ́ rà. Tí iṣẹ́ bá wá pọ̀ sí i tí ojú fóònù ò gbà á mọ́, kò pọn dandan kó o máa sanwó Photoshop lóṣooṣù, darktable ń ṣe RAW lọ́fẹ̀ẹ́, GIMP ń ṣe ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kàn máa gba sùúrù láti kọ́ ni. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú, ojú ẹ̀ lè burú ju ti fóònù ẹ lọ, àwọn kan wà tó o bá gbé e sókè díẹ̀, èèyàn inú fọ́tò á pọ́n, o bá gbé e wálẹ̀, á dúdú. Béèrè IPS, irú ojú láptọ́ọ̀pù tí kì í yí àwọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, gbé fọ́tò ẹnì kan tó o mọ àwọ̀ ẹ̀ dáadáa dání sínú flash drive, ṣí i lórí ẹ̀, wò ó láti òkè, wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kó o tó yọ owó.